Èèkàn Tó Hu Ewé

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè fi fọ́ egungun ẹran ìgbẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni… ìgbà yẹn ni mò ń sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní eyín rí. Mo ní ìdí náà rí, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi kọ́ ni n ó ṣàlàyé ìyẹn fún.

Ẹ jókòó dáadáa. Àlàó, má jókòó sí etí àpótí bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ẹ ní àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ti kan èèkàn irin mọ́ inú oko bàbá yín. Ẹ ní ọ̀nà mọ́tò fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá ní kí èmi ìyá àgbà jáde ní ọ̀la, kí n dúró níwájú wọn, kí n sọ pé ojúbọ àwọn baba wa wà níbẹ̀, pé nítorí ewú orí mi, wọn ò ní bá mi jiyàn. Mo gbọ́. Etí mi ò tíì di. Ṣùgbọ́n kí n tó dá yín lóhùn, ẹ gbọ́ ìtàn èèkàn kan.

Mi ò tíì lò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ nílé ọkọ nígbà náà. Ogun Ìjàyè ò tíì bẹ́. Abà wa, ní apá ibi tí ẹ ń pè ní Adégbayì lónìí, kò ju agboolé mẹ́fà lọ, àti ewúrẹ́ tó pọ̀ ju èèyàn. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wá, tó gba àárín wa lọ sí ìhà Ifẹ̀, tóóró ni. Tóóró, mo ní! Tí èmi bá ru ẹrù bọ̀, tí ìwọ náà ru ẹrù bọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yà wọ igbó kí ẹnì kejì kọjá. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó kékeré, ta ni ẹ rò pé ó máa ń yà? Gbogbo ìgbà ni èèmọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ mi. Lóde òní, ẹ ń ráhùn pé mọ́tò ń da eruku sí yín lára. Nígbà tiwa, ohun tó wà nínú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá eruku. Àwọn sùnmọ̀mí ni. Wọ́n á ba síbẹ̀, wọ́n á dákẹ́ bí òkúta. Kí ọbẹ̀ tí o gbé kaná tó hó, wọ́n ti gbé ìwọ alára lọ.

Bàbá bàbá yín, Ògúnkẹ́yẹ, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn. Iṣu ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ kẹjọ tí mo wọlé, wọ́n ti ṣán igbó etí odò kan fún mi. Wọ́n ní, "Àṣàbí, ibí ni wàá ti máa rẹ aró." Ìyá mi, aláró ni wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn àbúrò mi ru ìkòkò méje wá láti ilé wa. Méje! A gbẹ́ ilẹ̀, a rì wọ́n dé ọrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ òyìnbó, ẹ ò lè mọ̀. Ìkòkò aró tí a bá ti rì mọ́lẹ̀, tí ó ti mu aró lọ́dún kan, kò ṣeé hú mọ́. Tí o bá hú u, àpáàdì lo máa kó lé orí. Ìkòkò yẹn ni mo fi ń jẹ́ èèyàn nílé ọkọ. Wọn ò pè mí ní ìyàwó Ògúnkẹ́yẹ mọ́, aláró ni wọ́n ń pè mí. Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó? Ó dùn ju oyin lọ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ń dùn báyìí ni ọkùnrin kan gun ẹṣin dé.

Olóyè kan ní Ìbàdàn ló rán an. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun, ọ̀nà tí ẹṣin mẹ́ta lè tò lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọmọ ogun lè máa lọ, kí wọ́n lè máa bọ̀. Ọkùnrin yìí ru okùn gígùn lé èjìká bí ẹni tó fẹ́ lọ so màlúù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tẹ̀lé e. Wọ́n á fa okùn, wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á tún fa okùn. Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ta ló ráyè ìyẹn? Ẹlẹ́ẹ̀kàn ni a sọ ọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kàn fa okùn láti ọ̀kánkán odi ìlú títí dé abà wa. Ó fà á gba ẹ̀yìn ilé Làmídì olóbì. Ó fà á gba etí odò. Ó wá kan èèkàn kan, gbàgà, sí àárín ìkòkò mi kẹta àti ìkẹrin.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ò rí ìkòkò ni?"

Ó ní, "Mo rí i. Ìwọ náà, ṣé o rí èèkàn?"

Ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Igi gbígbẹ ni èèkàn tó kàn yẹn, igi gbígbẹ tó dára, tó gbóná fún iná. Ẹ wò mí. Kí ni ẹ rò pé àwa obìnrin ṣe? Kí ọjọ́ ọjà tó pé, kò ku ẹyọ kan nílẹ̀. Mo fi tèmi se iṣu. Iṣu náà jinná kíá, ó sì dùn. Nígbà tí Ẹlẹ́ẹ̀kàn padà dé, ó yọ ojú síta bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní, "Èèkàn Olóyè dà?"

Ìyakọ mi, tí wọn kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó ní ìdodo, wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ikán ti jẹ ẹ́."

Ó ní, "Ikán? Èèkàn ogójì lẹ́sẹ̀ kan náà?"

Wọ́n ní, "Ikán ibí máa ń jẹun gan-an."

Ẹlẹ́ẹ̀kàn ò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sí àlà oko Làmídì, níbi tí pèrègún ti tò lọ bẹẹrẹ, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gé e. Tútù ni wọ́n gé e, òun ni wọ́n fi ṣe èèkàn tuntun. Ó wá dúró lórí ẹṣin, ó pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kí n wá rí obìnrin tí yóò fi pèrègún dáná!"

Ó mú wa. N ò ní purọ́, ó mú wa. Pèrègún kì í ṣe igi ìdáná. Òun la fi ń pa àlà, òun la ń gbìn sí ojúbọ. A kì í fà á tu, a kì í sun ún. Ọgbọ́n ọkùnrin náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ará ìlú ni. Ó gbàgbé ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ní oko mọ̀, pé pèrègún tí o bá gé lónìí, tí o rì mọ́lẹ̀ lónìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun nìyẹn.

Baálẹ̀ pe ìpàdé sí àkọ̀dì wọn. Gbogbo abà ló dé. Háà, ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà! Ẹ̀yin lónìí, lẹ́tà lẹ ń kọ sí ọ̀gá òyìnbó, ẹ wá ń retí èsì títí ẹ fi gbàgbé ohun tí ẹ kọ. Nígbà tiwa, ojú ẹni la ti ń sọ ọ́, itọ́ á sì máa fò.

Làmídì ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà wá. Ẹ ti gbàgbé àbúrò mi obìnrin? Ojú ọ̀nà tóóró yìí ni wọ́n ti gbé e lọ, a ò sì gbọ́ igbe rẹ̀. Tí ọ̀nà bá fẹ̀, tí wọ́n ṣán igbó sẹ́yìn, ojú á ríran. Ó tó fún mi bẹ́ẹ̀." Ó jókòó. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà mọ ọmọbìnrin yẹn. A jọ máa ń pọnmi ni.

Bàbá kan tí oko wọn wà ní ìsàlẹ̀ dìde. Wọ́n ní, "Ọ̀nà tó bá fẹ̀ fún wa ló fẹ̀ fún ọmọ ogun. Ọmọ ogun tí ebi ń pa, ṣé yóò béèrè oko ta ni kó tó wa iṣu?" Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Ẹ wá rí ìṣòro. Gbogbo èèyàn ló ń sọ òótọ́, síbẹ̀ a ò gbọ́ ara wa.

Ẹnì kan ní kí wọ́n fà á gba òdì kejì odò. Ẹni tó ni òdì kejì odò fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀nà, ẹ gbọ́ o. Ohun tí kálukú ń sọ ni pé kí ọ̀nà wá, kó má sáà gba tòun.

Ni Ẹlẹ́ẹ̀kàn bá dá sí i. Ó ní, "Kí lẹ ń jà sí gan-an? Ilẹ̀ ti ìlú ni. Ẹ̀yin kàn ń jẹ orí rẹ̀ ni. Ẹni tí ọ̀nà bá kàn, Olóyè á fún un ní igbó mìíràn."

Ọkọ mi, tí wọn ò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, tí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìlú, ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí yìí ńkọ́, ti ta ni?" Wọ́n sì jókòó. Ọ̀rọ̀ wọn fún oṣù yẹn ti tán.

Èmi náà bá kúnlẹ̀. Obìnrin kì í sábà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ọ̀nà lè yà. Ìkòkò mi ò lè yà."

Ẹlẹ́ẹ̀kàn fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀nà Olóyè kì í yà nítorí obìnrin."

Mo ní, "Ṣebí obìnrin ló bí Olóyè? Ọ̀nà tó gbà wá sáyé, ṣé ẹṣin mẹ́ta lè gba ibẹ̀?"

Yéè! Àkọ̀dì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ọkọ mi fi fìlà bo ojú. Ìyakọ mi ní ọmọ tí òun fẹ́ wálé gbọ́n o. Àmọ́ ẹ̀rín kì í yẹ èèkàn. Baálẹ̀ ní a ò lè bá Olóyè jà, Olóyè ló fi ilẹ̀ náà fún bàbá àwọn níjọ́sí. Wọ́n ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Mo délé, mo sunkún. Àṣàbí ẹlẹ́nu mímú náà sunkún bí ọmọdé.

Ìyá Ìdí-Obì ló wá rẹ̀ mí lẹ́kún.

N ò tíì sọ tiwọn fún yín. Opó ni wọ́n, ilé yàrá kan ni wọ́n ní, ní òkè odò díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi obì kan tó gbó. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọkùnrin, ó bá wọn lọ sógun, kò padà. Kò sẹ́ni tó mú ìròyìn ikú wá, ìyẹn ló burú. Abẹ́ igi obì náà ni wọ́n bo ìwọ́ ọmọ yẹn mọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n wá gbé nílé ńlá, wọ́n ní ó tì. Wọ́n ní, "Ọmọ tó kúrò nílé láti kékeré, kí ló máa fi mọ ilé? Igi yìí ló máa wò." Èèkàn ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípàdé. Wọ́n kàn jókòó tì mí, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Àṣàbí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Má sunkún tán."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì dé tí ogun Ìjàyè fi bẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó lè gbé ìbọn lọ síbẹ̀, Ẹlẹ́ẹ̀kàn pẹ̀lú; ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ mi ló dá wọn dúró sílé. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀nà wa. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Èèkàn pèrègún yọ ewé. Ó yọ ewé o! Èyí tó wà láàárín ìkòkò mi ló sì yọ ewé jù, ó ń dán, bí ẹni pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní ogun á tán lọ́jọ́ kan. Tí ó bá tán, tí èèkàn yìí ṣì wà, mo gbé. Mi ò lè fà á tu, ìyakọ mi á fà mí létí. Mo ní kò burú, n ó pa á ní pẹ̀lẹ́. Láàárọ̀ kùtù, kí n tó ṣe ohunkóhun, n ó bu aró tó ti bà jẹ́, n ó bu omi eérú tó kan lé e, n ó kúnlẹ̀ nítorí igbá wúwo, n ó dà á sí ìdí rẹ̀. N ó sì máa bú u lábẹ́ ètè. "Kú. Kí gbòǹgbò rẹ jẹrà. Kú, aláìnítìjú. Kú." Lójoojúmọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi ń rí mi láti òkèèrè. Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí ìyàwó kan tí kò tíì bímọ, tó ń kúnlẹ̀ níwájú pèrègún láàárọ̀, tó ń da omi sí i, tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yin náà máa bi ẹni tó ń gbàdúrà léèrè ohun tó ń sọ?

Nígbà tó di oṣù kẹta, mo lóyún. Bàbá yín ni. Pèrègún ò sì kú.

Ó parí! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo bá ẹ̀kọ méjì ní ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, epo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan ti so aṣọ funfun mọ́ ọn ní ìbàdí. Wọ́n ń wá láti abà mìíràn. Wọ́n ń bu omi ìdí rẹ̀ mu, omi tí mo pò pọ̀ mọ́ eérú! Bí kò ṣe pa wọ́n, n ò mọ̀. Làmídì dúró lójú ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Harámù ni! Igi tí wọ́n gé lóko mi!" Ọjọ́ kejì, mo bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú igbá. Ó ní omi lòun wá pọn. Mo ní, "Ṣé ìdí igi lodò wà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn mí. Ṣé n bá sọ fún wọn? Ẹ jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tó wá gbàdúrà á rí aṣọ aró mi lórí okùn, á rà á tàbí kó gbé tirẹ̀ wá fún rírẹ. Mo sì tún rò ó pé, ta ló máa gba ọ̀nà kọjá lórí òrìṣà? Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ti da omi síwájú láìmọ̀. Mo dákẹ́, mo fọwọ́ lé ikùn mi, mo ń jẹ ẹ̀kọ òrìṣà.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìdí-Obì náà ń wá. Láàárọ̀, wọ́n á rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omi tútù nínú ahá kékeré. Àdúrà wọn kì í pọ̀. "Kí ọ̀nà má kan igi mi. Kí ọmọ mi rí ilé." Wọ́n á dìde, wọ́n á fi ọwọ́ kan ikùn mi, wọ́n á súre. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo la ẹnu láti sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á dé. Mo ní, kí ni ó bà jẹ́? Omi tútù ni, àdúrà ni. Ọ̀nà ò ṣáà kàn wọ́n.

Ogun tán. Ẹlẹ́ẹ̀kàn padà dé, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ kan, okùn lé èjìká. Ìyọnu bá a. Gbogbo èèkàn rẹ̀ ti di igi tó ga jù ú lọ. Àwọn àgbẹ̀ sì ti gé lára wọn, wọ́n ti fi pa àlà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó tẹ̀lé ìlà pèrègún kan, ó gbé e dé ààtàn Làmídì. Ó tẹ̀lé òmíràn, ó bá ara rẹ̀ nínú ilé adìyẹ baálẹ̀. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé e, wọ́n ń kọrin. Òògùn bò ó. Nígbẹ̀yìn, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rí pèrègún tó ró aṣọ funfun.

Ó ní, "Èyí! Èyí ni! Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kàn án!"

Àwọn obìnrin ti pé lé e lórí. Ìyakọ mi na àdá sí i, wọ́n ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo gbìn ín, ìwọ náà gé e."

Kò gba àdá. Ó ń wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wá láti ìlú nígbà tó wà lójú ogun, ó gbé adìyẹ funfun wá, ó fẹ́ kí ọkọ òun padà láàyè. Òun náà sì ti padà. Ẹsẹ̀ kan ń tiro, ṣùgbọ́n ó padà.

Baálẹ̀ ti dé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Àṣàbí, ìwọ la kọ́kọ́ rí nídìí igi yìí. Sọ fún wa. Òrìṣà ni, àbí èèkàn?"

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo wo ìkòkò mi méje. Mo wo Làmídì, tó ń retí kí n sọ òótọ́ kí ọ̀nà àbúrò rẹ̀ lè wá. Mo ní, "Bàbá, irú ẹnu tèmi yìí, ṣé ó tó ẹnu ẹni tí í sọ̀rọ̀ òrìṣà?"

Gbogbo wọn ní, "Háà. Ó bẹ̀rù láti sọ." Ọ̀rọ̀ tán.

Ẹlẹ́ẹ̀kàn mí kanlẹ̀. Ó gbé okùn, ó ní ọ̀nà á yà. Inú mi dùn! Mo fẹ́ jó. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀, àbàtà ni, kò lè yà síbẹ̀. Ó yà sókè. Ó fa okùn gba ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó fà á, ó fà á… mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé okùn náà ti kan igi obì.

Ìyá Ìdí-Obì wà láàárín wa, ahá omi wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo okùn. Wọ́n wo igi wọn. Wọ́n wá wò mí. Mo ní wọ́n máa pariwo, wọ́n máa ṣépè. Ì bá sàn. Wọ́n rìn wá, wọ́n da omi ọwọ́ wọn sí ìdí pèrègún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní, "Kò burú. Tí òrìṣà bá ti wí bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbọ́… ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ẹnu mi tó lè dá gbogbo àkọ̀dì lẹ́rìn-ín, kò ṣí. Ọjọ́ kejì, wọ́n gé igi obì. Ó le, ó gbà wọ́n di ìrọ̀lẹ́. Ìyá lọ gbé nílé ńlá, ní yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà dé. Ó ṣe wá láǹfààní, n ò ní purọ́ mọ́, mo ti pa èyí tó tó mi. Wọn ò tún gbé ọmọ lójú ọ̀nà yẹn. Làmídì là. Ìkòkò mi, mo fi tọ́ bàbá yín. Gbogbo mọ́tò tó ń kọjá níbẹ̀ lónìí ló ń fọn fèrè níbi tí ọ̀nà ti yà yẹn, àwọn awakọ̀ ń bú ẹni tó la ọ̀nà wíwọ́. Èmi ni wọ́n ń bú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi. Ọmọ ìyá yẹn, n ò mọ̀ bóyá ó padà wá rí. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá rí àlejò tó dúró níbẹ̀, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́, àyà mi a já.

Ẹ nu ojú mi fún mi, Àyìnkẹ́. Eruku ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ìsinsìnyí. Mo lè purọ́ fún òyìnbó. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n ṣe tó mi ní gbogbo àyíká yìí. Oko bàbá yín dùn mí, èmi náà jẹ iṣu ibẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn awọnlẹ̀ jiyàn, ẹ sọ òótọ́ yín, ẹ pariwo, n ó tẹ̀lé yín, n ó sì bú wọn dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ojúbọ tí ẹ ní kí n sọ yìí… tí okùn wọn bá yà kúrò ní oko yín, ibì kan ló máa yà sí. Ẹ lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo ilé tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kí ẹ wá sọ ọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wá bẹ̀ mí.